Ògiri Tí Jígí Kò Rí

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Àmọ́ bí ìjọba bá gba ojú lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó fi jígí rọ́pò rẹ̀, níbo ni kí ọ̀rọ̀ ó wá forí pamọ́ sí? Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ojú wa ṣáájú ara wa kú.

Ìbíyẹmí wà lórí àkàbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkúta odò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀gá tí Ilé-Iṣẹ́ Ojú Mímọ́ rán wá dúró nísàlẹ̀, ó ń ti jígí ojú rẹ̀ sókè. Jígí náà kò gbà láti dúró. Ó ń yọ̀ wálẹ̀ lápá òsì, ọ̀gá náà sì ń fi ìka kan tì í padà, bí ẹni tí ń lé eṣinṣin.

"Ìyá, aago mẹ́jọ ti lù. Aago mẹ́wàá ni àwọn àlejò ń wọlé. Ẹ ti ń wo ògiri yẹn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ bí ìyàwó tí ń wo ọ̀nà ọkọ."

"Ẹ̀yin náà ṣáà ń wò ó, ọ̀gá. Kí lẹ rí?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìbéèrè ni mo bi yín."

"Ògiri ni mo rí. Ògiri funfun."

Lókè orí wọn, eṣinṣin irin tí ọ̀gá náà mú wá ń fò yí gbọ̀ngàn ìlú ká. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le bíi ti tíṣà. "Ògiri mọ́," ni ó wí. "Kò sí àwòrán. Ògiri mọ́."

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Ìwé idẹ tí ó fi kọ́rùn mì lù ú láyà. Ìwé náà ni ìjọba fi yọ̀ǹda fún un kí ó máa rìn pẹ̀lú ojú lásán, òun nìkan nínú gbogbo Òkè-Ẹfun, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun tí a fi pamọ́ wà. Gbogbo ẹni tó kù, láti ọmọ ọdún méje, jígí tí ń fi àwòrán òkú pamọ́ ló wà lójú wọn. Òfin ni: ojú ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ rí òkú tí ìjọba kò kéde. Ìjọba kò sì kéde òkú Òkè-Ẹfun rí.

Òun rí wọn. Ewúrẹ́ kan ya ẹnu sí ọ̀run, ahọ́n rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọ̀bẹ. Ọwọ́ méje nà jáde láti inú ilẹ̀, wọn kò ní ẹni tó ni wọ́n. Baba kan gbé ilẹ̀kùn pọ̀n bí ọmọ, ó ń sá lọ, nítorí pé ilẹ̀kùn ni ó kù nínú ilé. Lókè gbogbo wọn, àwọn ẹyẹ irin tò lọ bí lékeléke, wọn kò ní ojú, wọn kò ní ènìyàn nínú. Eédú àti ẹfun ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Kò sí osùn lára rẹ̀ rárá. Ìyá ìyá Ìbíyẹmí, tí ó fa ilà àkọ́kọ́, ní pupa ti tó nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ẹyẹ irin ju iná sí ọjà.

"Ẹ ò ní aṣọ ni?" Ìbíyẹmí bi í. "Ẹ ta aṣọ bò ó, kí n máa lọ sílé mi."

"A ta aṣọ bò ó lọ́dún tó kọjá. Gbogbo àlejò ló ń béèrè ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ olórí ìjọba."

"Ọ̀dà funfun ńkọ́?"

"Ẹ mọ ohun tó ṣe ọ̀dà funfun."

Ó mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Omi èèpo igbá tí àwọn obìnrin Òkè-Ẹfun fi ń po eédú kì í gbà fún ọ̀dà. Bí wọ́n bá kùn ún lónìí, tí yóò bá fi di ọ̀túnla, àwọn òkú á ti yọrí jáde bí ẹni tó sùn tán. Òkúta odò nìkan ló kápá rẹ̀. Òkúta náà pàápàá, àfi lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ibi tí ilà kọ̀ọ̀kan gbà.

"Ẹ wó o, ẹ jẹ́ kí a sinmi."

"Òun ló gbé òrùlé dúró. Ìyá, ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ti rán síbí kí n tó wá fúnra mi. Gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ ti parí, ògiri ti mọ́."

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n."

"Àwọn àlejò láti òkè òkun kì í wọ jígí! Ẹ fẹ́ kí wọ́n wá jókòó síwájú nǹkan yẹn, kí olórí ìjọba máa fọwọ́ sí ìwé ogun Ìsàlẹ̀-Odò lábẹ́ rẹ̀?"

"Nǹkan wo? Ẹ ṣáà ní ògiri funfun ni."

Ọ̀gá náà fa wàláà iná rẹ̀ yọ lápò, ó gbé e sókè kí Ìbíyẹmí lè rí i dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níbẹ̀, tí ó dúró ní oríta, àwọn ọ̀dọ́kùnrin jókòó sínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ẹ̀gbà ọwọ́ gbogbo wọn pọ́n bí ẹyin iná. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan wà láàárín wọn, imú rẹ̀ jọ imú Ìbíyẹmí. Jọláolú ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbà rẹ̀ funfun nígbà tí ó sùn lánàá. Àárọ̀ yìí ni ó jí tí ó bá a ní pupa, àwọ̀ ẹni tí ogun pè, àwọn sójà sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bá màmá rẹ sọ̀rọ̀," ọ̀gá náà wí sínú wàláà.

"Màámi?" Ọmọ náà na ọwọ́ tí ẹ̀gbà wà síwájú. "Màámi, ẹ̀gbà yìí ti ń gbóná."

Ọ̀gá náà pa wàláà dé. "Bí ògiri bá mọ́ kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ̀gbà rẹ̀ á padà di funfun. Èmi Bánjókò ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mọ́, Ìsàlẹ̀-Odò kò jìnnà. Ẹ̀yin ni ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́, àwòrán tàbí ọmọ."

Bánjókò. Ìbíyẹmí gbọ́ orúkọ náà, ó dúró díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ̀gún ẹja. Ṣùgbọ́n Bánjókò pọ̀ láyé. Ó yíjú sí ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí a tó máa bá a lọ. Kí a nu ògiri kì í ṣe èèwọ̀ ní Òkè-Ẹfun. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn obìnrin tí wọ́n ní òkú lára ògiri á wá, wọn á fi òkúta nù ún, wọn á sì tún un kọ látòkè délẹ̀. Jígí wà lójú wọn, wọn kò rí ohun tí wọ́n ń kọ. Ọwọ́ wọn ló mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó nu òkú kan, ẹni tí yóò nù ún á ké pe olókùú, á ní, "Mo fẹ́ nù ún o." Olókùú á dáhùn, "Nù ún. Ọwọ́ tó nù ni yóò kọ." Ìjọba ti rí wọn títí, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òní, sójà ni yóò máa ṣọ́ gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá nù ún lónìí kò ní kọ ọ́ lọ́la. Ohun tó ń mú ọwọ́ Ìbíyẹmí wúwo nìyẹn.

Ó gbàdúrà. "Olúwa, ìwọ tí o rí ohun tí ó wà lẹ́yìn aṣọ àti lẹ́yìn jígí, má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọwọ́ mi fọ́ ojú ara mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni, Olúwa. Ọmọ mi ni." Lẹ́yìn náà ó gun àkàbà dé òkè, níbi tí ìyá rẹ̀ wà.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ ìyá rẹ̀. Òwú ló ń tà. Lára ògiri, ó dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ di òwú mú síbẹ̀, òwú náà sì tú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kọjá, ó lọ́ mọ́ ọwọ́ méje, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn tí baba náà pọ̀n, ó so gbogbo wọn pọ̀ dé igun ògiri nísàlẹ̀.

"Mo fẹ́ nù ún o," Ìbíyẹmí wí. Olókùú kò sí nítòsí, àfi òun fúnra rẹ̀. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn. "Nù ún. Ọwọ́ tó nù…"

Kò lè parí rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń purọ́ fún òkú. Ó gbé òkúta lé orí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Eédú ń dà sílẹ̀ bí òjò dúdú. Orí lọ, èjìká tẹ̀lé e. Nígbà tí ó dé ọwọ́, òwú náà ṣẹ́kù lójú òfuurufú, kò ní ẹni tó dì í mú mọ́.

"Ìbíyẹmí!"

Ohùn náà ta wọlé láti ojú fèrèsé. Ìyá Dẹ̀hìndé ni, arúgbó tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òkú mẹ́ta tirẹ̀ ló wà lára ògiri. Àwọn obìnrin bí ogún dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú jígí wọn, irin àwọn sójà sì dí wọn lọ́nà. "Ìbíyẹmí, mò ń gbọ́ òkúta! Ta lò ń nù?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá rẹ ni. Ẹnu wa kò tó o. Tèmi ńkọ́?"

Ìbíyẹmí yíjú sí fèrèsé. "Ìyá Dẹ̀hìndé, mo fẹ́ nù ún o."

"Ó tì! Ó tì o! Òkú mi kọ́ ni wàá fi ra ọmọ rẹ! Mẹ́ta ni mo bí, iná gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ ọjà kan ṣoṣo. Ta ló wá bá mi ṣe pàṣípààrọ̀ nígbà yẹn? Bí o bá fi òkúta kan Dẹ̀hìndé mi, ọwọ́ yẹn á rọ, Ìbíyẹmí. Á rọ!"

"Á rọ!" ni àwọn tó kù gbà á.

Bánjókò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ àwọn èèyàn yín? Ẹ máa nù lọ, jàre. Òkú kì í fọwọ́ síwèé."

"A kì í nu òkú olókùú láìjẹ́ pé olókùú dáhùn."

"Ta ló ṣe òfin yẹn?"

"Ìyá ìyá mi."

"Mi ò rí i nínú ìwé kankan."

"Ẹ ò rí ohun tó wà níwájú yín, ọ̀gá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti inú ìwé."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bánjókò. Ó ti jígí sókè, ó súnmọ́ àkàbà, ó fi ẹsẹ̀ gbá a. Àkàbà mì. "Ẹ gbọ́ mi, obìnrin yìí. Mo lè mú kí ẹ̀gbà yẹn gbóná dé egungun. Èwo nínú wọn ni kò ní olókùú?"

Ìbíyẹmí di àkàbà mú títí ó fi dúró. "Ọ̀kan wà," ó wí níkẹyìn. "Igun ìsàlẹ̀. Èmi olùtọ́jú ògiri ni mò ń dáhùn fún un."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi parí rẹ̀, màá ti mú kí àwọn ìyàwó ilé wọ̀nyẹn lanu dáhùn."

Ìbíyẹmí sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ̀ lé òwú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ojú, láti ọwọ́ dé ọwọ́, dé ibi tí ó parí sí. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, tí ó tẹ̀ bí ọrun, igi òrùlé lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ jòjòló kan wà lábẹ́ rẹ̀, ojú là, ṣaworo ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Òwú náà so mọ́ ṣaworo yẹn. Kò sí ẹni tó mọ obìnrin náà ní Òkè-Ẹfun. Ọjà ló bá wá.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni lọ́jọ́ náà, ọdún kọkànlélógójì rèé. Bí ẹni bá kú tí kò ní ará, oríkì ni a máa ń kì í kí ó má baà ṣe bí ẹni tí a kò bí. Ó gbé òkúta sílẹ̀, ó la ẹnu:

"Obìnrin tí a kò mọ ilé ọkọ rẹ̀,
Abẹ̀yìn-gbòòrò, a-fẹ̀yìn-ṣòrùlé-ọmọ.
Iná ń bọ̀ lókè, o ní kó bà lé ọ,
Igi ń bọ̀ lókè, o ní kó bà lé ọ.
Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ṣaworo ń ró lábẹ́ erùpẹ̀,
Ó ń pe ayé, ayé ń wá òkú kiri,
Ayé ò mọ̀ pé ààyè ń bẹ nísàlẹ̀…"

"Kí lẹ pè?"

Ìbíyẹmí yíjú. Bánjókò ti sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan.

"Ṣaworo."

"Kò sí àwòrán," eṣinṣin irin wí. "Òfin kò de orin. Ògiri mọ́."

"Kí ni ṣaworo ń ṣe nínú rẹ̀?" Ohùn ọ̀gá náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ta ló sọ fún yín? Ta ló ka fáìlì mi fún yín?"

"Fáìlì wo? Ọmọ abẹ́ obìnrin yìí ni mò ń kì. Àbíkú ni. Àwọn bí tirẹ̀ ni wọ́n ń so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀."

"Ṣaworo méjì wà nínú àpótí mi ní ilé ọmọ aláìlóbìí tí ìjọba ti tọ́ mi. Wọ́n ní òun ni wọ́n bá lára mi. Ẹ ti rán ènìyàn lọ wádìí mi kí ẹ lè fi mí ṣe eré lónìí. Ọgbọ́n yín ò tó."

Ìbíyẹmí ń wo jígí ojú rẹ̀. Ó tún ń yọ̀ wálẹ̀ lápá òsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, ó wo ìdí tí ó fi ń yọ̀. Orí etí òsì ọ̀gá náà kò pé. Wọ́n ti gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò láti ìgbà ọmọdé, bí wọ́n ṣe ń sàmì sí ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ó lè tijú ikú. Ó yíjú sí ògiri. Ọmọ abẹ́ obìnrin náà, etí òsì rẹ̀ kò pé. Ìyá ìyá Ìbíyẹmí ló yà á bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbé e nígbà tí wọ́n fà á jáde. Òun fúnra rẹ̀, Ìbíyẹmí, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya etí yẹn ní ìgbà ogún.

"Ta ló sọ yín lórúkọ, ọ̀gá?"

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ta ló sọ yín ní Bánjókò?"

"Kò sẹ́ni tó sọ mí lórúkọ! Wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì pé ọmọbìnrin kan di ọkọ̀ mú nígbà tí wọ́n ń gbé mi lọ, ó ń pariwo Bánjókò, Bánjókò, kò dẹ́kun. Ni wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti nù ún. Ó tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbé òkúta yín!"

Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ lé ṣaworo ara ògiri. Eruku ọjọ́ náà padà wá sí imú rẹ̀. Ó tún gbọ́ agogo kékeré tí ń ró lábẹ́ ilẹ̀, tí ó rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó ti fi èékánná wa ilẹ̀ títí ó fi kan ẹsẹ̀ ọmọ. Ìyá rẹ̀ ti kú láàárọ̀ náà, kò ní ẹnì kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀ ìjọba, ó ti ké pè é ní orúkọ tí à ń pe irú rẹ̀. Kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi lára ògiri.

"Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Ọmọbìnrin tó di ọkọ̀ mú."

Ojú Bánjókò yí padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí rere. Ó fa wàláà yọ. Ó gbé ìka lé e. Nínú wàláà, ẹnjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ti ń ró, Jọláolú sì fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbà tó ń gbóná mú.

"Irọ́ ni! Ẹ fẹ́ fi ìtàn gba ọmọ yín là. Ìyá mi kú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún mi. Ẹ nu nǹkan yẹn kúrò! Ẹ nù ún, tàbí kí n rán ọkọ̀ náà lọ báyìí!"

"Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì," eṣinṣin irin wí. "Ògiri mọ́."

Ìbíyẹmí wo ọmọ rẹ̀ nínú wàláà. Ó wo òkúta nílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, kò sí olókùú tí yóò dáhùn fún obìnrin yìí ju òun lọ, ó lè nù ún nítorí Jọláolú. Àṣẹ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó gbé òkúta náà, ó gbá eruku ara rẹ̀ dànù, ó nà án sí ọ̀gá náà. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, kò pè é ní ọ̀gá mọ́, kò sì fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Mo fẹ́ nù ún o," ó wí. "Ìwọ ni olókùú. Bí o bá ní kí n nù ún, màá nù ún, kò ní dé aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ń dáhùn fún òkú tí kò rí."

Jígí náà tún yọ̀. Ìka tó máa ń tì í sókè wà lórí wàláà, kò kúrò níbẹ̀.

"Bánjókò," Ìbíyẹmí wí, "jọ̀ọ́, yọ jígí ojú rẹ."